Fèrèsé Àárín Aṣọ Ìkókó

Ẹ gbé aṣọ ìbora yẹn kúrò lórí tábìlì, kí ẹ gbé e wá sórí itan mi. Láti àná ni ẹ ti ń tẹ́ ẹ, tí ẹ ń ká a, tí ẹ kò sì sọ ohunkóhun sí mi létí. Mo mọ ohun tí ẹ ń wò. Fèrèsé òwú tí gbogbo yín hun ló ti wà níbẹ̀: ti ìyá yín, ti àwọn àǹtí yín tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, ti Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀. Tèmi nìkan ni kò sí. Ọ̀la la ó sọ ọmọ Mojísọ́lá, àbúrò Fúnkẹ́, lórúkọ, aṣọ tí a ó fi gbé e jáde sì ní ihò láàárín gbùngbùn.

Mo tún gbọ́ ohun tí Fúnkẹ́ sọ ní kíṣìnì. Ó rò pé mo ń sùn. Ó ní, "Màmá ò fẹ́ràn ọkọ Mojí, ẹ ò rí i ni? Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mú tiwọn wá." Fúnkẹ́, má dorí kodò, n kò bínú. Ihò ni o rí, o sì wá ìdí rẹ̀. Ká ní èmi ni ìwọ, ìdí kan náà ni ǹ bá rò, nítorí mo ti wà ní ipò Mojí rí, ohun tí mo sì rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n Mojí ti ń sunkún láti àárọ̀, ọmọ tuntun sì wà lọ́mú rẹ̀. N kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀la. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi. Màá sọ ìdí tí fèrèsé mi kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà díẹ̀.

Ẹ kò mọ bí ilé yìí ṣe rí nígbà tí mo wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Yàrá tí ẹ ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ sí yẹn, ìyàwó ilé kan ló ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo yàrá tí ẹ rí tí a ti tì pa. Bí a bá ti kó kòkó kúrò lórí ẹní, tí iṣẹ́ oko sì dín, àwọn obìnrin á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán, oníkálukú pẹ̀lú òwú rẹ̀ nínú igbá tàbí nínú agolo mílíìkì ńlá. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi mọ ilé yìí ni ìró abẹ́rẹ́ kíróṣè bí ó ṣe ń kan òrùka ìgbéyàwó: tín, tín, tín, láti ẹnu ọ̀nà kan dé òmíràn. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ìró náà á yára. Bí ẹni náà bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, á dákẹ́. Mo mọ bí ìdákẹ́ yẹn ṣe máa ń rí, nítorí ó pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń dákẹ́ fún.

Abẹ́rẹ́ náà kò yí padà: irin tín-ínrín ni, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́. Òwú ló yí padà. Lónìí, Fúnkẹ́ fi fóònù ra òwú, ọlọ́kadà sì gbé e wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tiwa, ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ra òwú tuntun ní Gbọ̀ngán. Àwa yòókù ń tú kádígàánnì àtijọ́. A ó wá ibi tí ìhun rẹ̀ ti parí, a ó fà á, òwú á máa tú bọ̀, ṣùgbọ́n kì í jáde ní gbọọrọ. Á ká kọ́lọkọ̀lọ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. A ó wá wé e mọ́ ara ìgò tí a rọ omi gbígbóná sí, kí ó lè nà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Òwú tí ẹ bá rí tó ká bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ti hun ún rí, ó sì ti tú u.

Ta ló mú iṣẹ́ yìí wọ ìlú wa? Àwọn kan ní ìyàwó olùkọ́ ìjọ kan ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Àwọn mìíràn ní ọmọ ilé yìí kan tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní Ìbàdàn ló mú un bọ̀. N kò mọ èyíkéyìí nínú wọn, n kò sì lè búra sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo dé, ìyá ọkọ mi ni olórí iṣẹ́ náà nínú ilé. Àwọn ni wọ́n kọ́ gbogbo ìyàwó ilé, wọn kì í sì í yin ẹnikẹ́ni.

Bí ìyàwó kan bá lóyún àkọ́kọ́, obìnrin kọ̀ọ̀kan nínú ilé á hun fèrèsé kan fún un. Òrùka kékeré la fi ń bẹ̀rẹ̀ láàárín. A ó hun ìdì mẹ́ta-mẹ́ta yí i ká, a ó fi igun mẹ́rin sí i, a ó sì máa yí i lọ títí yóò fi tóbi tó. Nítorí àwọn àyè tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá láàárín àwọn ìdì yẹn la ṣe ń pè é ní fèrèsé. Lẹ́yìn náà, a ó fi òwú dúdú dì wọ́n mọ́ ara wọn, ó di aṣọ ìbora.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé fèrèsé ti tó? Rúlà ni Fúnkẹ́ lò. Nígbà tiwa, ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni ìwọ̀n. Ìwọ á kúnlẹ̀, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́, ìwọ á tẹ́ fèrèsé rẹ lé e. Ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, kí ó sì dé orí ìka tó gùn jù. Bí ó bá kéré, wọ́n á ní, "Lọ fún un lóúnjẹ, ebi ń pa á." Bí ó bá pọ̀ jù, wọ́n á ní, "Ta ni o ń hun èyí fún, màlúù?" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, ìwọ á padà lọ tú u.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: fèrèsé tí Fúnkẹ́ hun gún ju tiwa lọ. Fídíò tó wò kọ́ ọ dáadáa. Tiwa, ọwọ́ ẹnìkan le, ọwọ́ ẹlòmíràn dẹ̀, aṣọ á wú níhìn-ín, á súnkì lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ìka gba orí rẹ̀ kọjá, o lè máa dárúkọ àwọn obìnrin ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò sọ pé ìyẹn dára ju kí aṣọ gún lọ. Mo kàn ń sọ pé ó wà nígbà náà, kò sì sí mọ́.

Ọdún Kérésìmesì kan, ewúrẹ́ ìyálé mi, Ìyá Káyọ̀dé, fi ìwo gbé fèrèsé kan tí a sá sórí okùn, ó sì gba ojú títì lọ. Bó ṣe ń sáré ni fèrèsé ń tú. Òwú pupa gùn láti ilé yìí títí dé iwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn ará ìjọ tó ń bọ̀ láti ìsìn sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún. Ìyá Káyọ̀dé ń pariwo lẹ́yìn wọn pé, "Ẹ fi ewúrẹ́ sílẹ̀! Òwú ni kí ẹ mú, òwú!" Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí wọ́n fi di ògiri mú. Mo wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. N kò tíì rí ẹ̀rín yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí.

Fèrèsé àárín nìkan ni ìyàwó ilé kì í hun. Ìyá ọkọ ló ń hun ún, òun ló sì ń wọlé kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo yòókù bá ti di ara wọn mú. Bí ó bá ti wọlé, ilé ti gba ọmọ nìyẹn. Lóde òní tí a ti ń ṣe é fún ọmọbìnrin ilé pẹ̀lú, ọwọ́ èmi àgbà ilé ni àárín náà bọ́ sí. Wọ́n sọ fún mi nípa ìyàwó kan, ọmọ Aráròmí-Òwu, tó wá sílé yìí ṣáájú mi. Wọ́n ní ìyá ọkọ rẹ̀ kò fún un ní fèrèsé àárín, wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ jáde nínú aṣọ tó ní ihò, àwọn obìnrin ilé kò sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n gbé e jó. Kò pẹ́ tó fi gbé ọmọ rẹ̀ padà sí Aráròmí. N kò mọ obìnrin náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó sọ ọ́ ti bù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà náà, mo gbà á gbọ́ látòkèdélẹ̀.

Ọmọ Ìkirè ni mí, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n sì bí mi sí. Ìyá ọkọ mi kì í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, wọ́n sì ti ní ọmọ olùkọ́ ìjọ kan lọ́kàn fún ọmọ wọn kí ó tó mú mi wálé. Wọn kò lé mi, wọn kò sì bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún mi. Bí mo bá se ọbẹ̀: "Báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Ìkirè?" Bí mo bá gbálẹ̀: "Báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Ìkirè?" Ìkirè kò jìnnà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó jókòó dáadáa nínú ọkọ̀, ẹ ti débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é, ẹ ó rò pé òkè òkun ni. Bí Iléyá bá dé, bàbá mi á fi ẹran ránṣẹ́. Wọ́n á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á pín in kárí ilé. N kò rí i kí wọ́n fi ẹyọ kan sẹ́nu rí. Bóyá wọ́n ń jẹ ẹ́ ní yàrá wọn. N kò lè sọ.

Nígbà tí oyún mi hàn, bàbá yín àgbà, ọkọ mi, lọ sí Gbọ̀ngán, wọ́n ra òwú funfun tuntun, wọ́n kó o fún ìyá wọn fún fèrèsé àárín. Ìyá gbà á, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé. Láti ìgbà yẹn, wọn kò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Fèrèsé àwọn obìnrin ń wọlé, Ìyá Káyọ̀dé ń dì wọ́n pọ̀, ihò àárín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí kànga. Nígbà tí mo gbé tèmi lọ kí wọ́n fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, wọ́n fi àtàǹpàkò yí etí rẹ̀ ká, yí i ká, wọn kò sì wò ó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Ó tó," wọ́n dá a padà. Mo dé yàrá mi, mo sunkún. Mo ní ọmọ mi kò tilẹ̀ tó wò.

Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń gbé ní Gbọ̀ngán, Àǹtí Wúrà la ń pè wọ́n. Ilé wọn tóbi, ohùn wọn náà tóbi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ gbé ìyá wọn kúrò ní Àpòmù níbí. Mo gbọ́ wọn lọ́jọ́ kan láti ẹ̀yìn ilé.

"Ìyá, kí lẹ wá ń ṣe níbí? Ẹ ti dàgbà. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

"Ọkọ mi wà níbí."

"Bàbá ti kú, Ìyá."

"Ṣé mo ní wọn ò kú ni? Mo mọ ibi tí wọ́n wà." Sàréè náà wà nínú ọgbà, lábẹ́ igi ọsàn.

"Ẹ dúró kí nǹkan ṣe yín ná. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá lè dá nǹkan ṣe mọ́, n kò ní bi yín kí n tó gbé yín."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, n kò kà á sí. Wàhálà tèmi tó mi.

Mo bí ọmọkùnrin. Bàbá yín nìyẹn. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ń sún mọ́lé, ihò sì wà níbẹ̀. Bí àwọn obìnrin bá wọlé wá kí mi, wọ́n á kí mi tán, ojú wọn á lọ síbi aṣọ náà, wọ́n á tètè gbé e kúrò. Ọkọ mi lọ bá ìyá wọn. Wọ́n padà, wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. "Wọ́n ní kí n má fi iná sí àwọn nídìí." Mo ní, "Ṣé wọn ò ní ṣe é ni?" Wọ́n ní, "Ìyá mi ni. Kí ni kí n ṣe?" Mo dá a rò nínú ara mi. Bí ilẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ bá fẹ́ ṣú tí fèrèsé náà kò wọlé, mo máa gbé ọmọ mi pọ̀n, mo máa lọ sí Ìkirè. Kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀. N kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ihò gbé ọmọ mi jáde níṣojú gbogbo Àpòmù.

Ọjọ́ náà pé. Àǹtí Wúrà ti dé láti Gbọ̀ngán kí oòrùn tó yẹ̀ orí, wọ́n mú aṣọ ìkókó olówó kan dání tí wọ́n rà nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú ọgbà. "Bí Ìyá kò bá ṣe, kò burú! Aṣọ gidi rèé!" Ìyá Káyọ̀dé sọ nǹkan jẹ́jẹ́, n kò gbọ́ ọ. Àǹtí Wúrà ní, "Kí la fẹ́ fi bò? Ṣebí gbogbo ilé ló mọ̀ pé wọn ò fẹ́ ará Ìkirè."

Mo dìde. Mo ti di ẹrù mi sínú àpò kan. Mo gbé aṣọ náà pẹ̀lú ihò rẹ̀, mo fi ọmọ sílẹ̀ fún Ìyá Káyọ̀dé, mo sì lọ sí yàrá ìyá ọkọ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu mi, kò sì dára. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Wọ́n jókòó sí ojú fèrèsé yàrá, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ọ̀sán gangan ni, mo sì dúró níwájú wọn.

"Ta nìyẹn?"

Ìbéèrè yẹn dá mi dúró. "Èmi ni, mà."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ó ń sùn, mà."

Ìgbà náà ni mo rí ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Òwú funfun tí ọkọ mi rà ni, òwú tuntun tí ẹnikẹ́ni kò lò rí kó tó dé ọwọ́ wọn. Ó ká kọ́lọkọ̀lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti gbó, ó ti dọ̀tí, ó ti fẹ́ já níbì kan. Fèrèsé kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ka igun rẹ̀. Mo tún un kà. Ó ní igun márùn-ún.

Mo dúró síbẹ̀, mo sì ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀: àtàǹpàkò tó ń yí etí fèrèsé mi ká, ojú tó ń wo ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn tó ń tì, ohùn Àǹtí Wúrà pé òun kò ní bi wọ́n kí òun tó gbé wọn. Wọn kò kọ ọmọ mi; ojú wọn ló ń lọ. Láti ìgbà tí oyún ti hàn ni wọ́n ti ń hun, tí wọ́n ń tú, tí wọ́n tún ń hun. Ẹnìkan lè sọ pé ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò nílò ìmọ́lẹ̀. Bóyá. Ṣùgbọ́n òrùka ìbẹ̀rẹ̀ kéré ju èékánná lọ. Bí o kò bá rí i, igun tí o ti ṣe àti igun tó kù á pò pọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá ti sá lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí n jókòó. Ẹ̀yìn ń ro mí."

"Jókòó. Ta ló ní kí o máa rìn kiri?"

Mo tẹ́ aṣọ náà lé itan wọn. Mo mú ọwọ́ wọn, mo gbé e lé igun kan. Mo rò pé wọ́n á já a gbà. Ọwọ́ náà le díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

"Ìyá Káyọ̀dé rèé," wọ́n ní. "Ọwọ́ rẹ̀ le bí igi." Ọwọ́ náà ń lọ. "Èyí, tìrẹ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó gún."

Ọwọ́ dé ibi ihò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, ó dé igun, ó yà, ó dé igun mìíràn. Ó yí gbogbo rẹ̀ ká. Wọ́n ní jẹ́jẹ́, "Igun mẹ́rin."

"Ó ti wà níbẹ̀, mà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, tí ẹ ń bọ̀ wá sínú, kò lè di márùn-ún."

Mo ti sọ ọ́ kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Àǹtí Wúrà lóde.

"Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ fèrèsé láti etí?" wọ́n ní.

"N kò mọ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mà."

"Báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Ìkirè?"

"Rárá, mà."

Wọ́n wá abẹ́rẹ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì fi etí òwú sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka wá àyè àkọ́kọ́ lára fèrèsé Ìyá Káyọ̀dé, wọ́n ti ìkọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fà á. Ó dúró. Tín, òrùka wọn dún. Mo gbọ́ ìró tí mo ti gbàgbé pé mo ń retí.

Wọn kò tíì yí i ká lẹ́ẹ̀kan tí ilẹ̀kùn fi ṣí gbàgà. Àǹtí Wúrà ni. "Ẹ̀yin méjèèjì! Kí lẹ ń ṣe nínú ilé?" Wọ́n na aṣọ ọwọ́ wọn síwájú ìyá wọn. "Ìyá, ẹ wo èyí. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Kí lẹ rí sí i?"

N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti fura ni tàbí wọ́n kàn ń béèrè. Títí dòní, n kò mọ̀. Ìyá ọkọ mi na ọwọ́ síbi tí ohùn náà ti ń bọ̀, ọwọ́ wọn ba aṣọ, wọ́n fi ìka méjì ra á.

"Ọ̀rá ni," wọ́n ní. "O fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi máa làágùn."

"Ọ̀rá kẹ̀, Ìyá! Ẹ mọ iye tí mo rà á?"

"Gbé e lọ kí o fi bo kòkó. Má dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Àǹtí Wúrà pòṣé, wọ́n yí padà, wọ́n lọ rojọ́ fún gbogbo ilé. Ìyá ọkọ mi kò gbé orí sókè. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà jìnnà, abẹ́rẹ́ wọn ń wá àyè tó kàn. Mo gbé ọwọ́ mi sábẹ́ ọwọ́ wọn títí wọ́n fi rí i. A kò sọ̀rọ̀ nípa ojú wọn. A kò sọ ọ́ láéláé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọkọ mi gbé ọmọ mi jáde nínú aṣọ náà. Ihò ti dí. Ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin tó mọ iṣẹ́ yìí rí i pé àárín rẹ̀ yàtọ̀: gbogbo fèrèsé yòókù ń ṣí lọ síta láti inú òrùka, èyí ń pa dé bọ̀ wá sínú. Ìró kan kò sí. Mo mọ ìdákẹ́ ilé yìí, mo sì mọ̀ pé èyí burú. Ìyá Káyọ̀dé ló fi ohùn kékeré béèrè pé, "Ìyá, àárín yìí mà dojú kọ inú?"

Àǹtí Wúrà sún mọ́ ọn láti wò ó. Mo rò pé ó ti parí.

Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ náà sókè díẹ̀ sí i. "Báyìí ni wọ́n ń ṣe é ní Ìkirè," wọ́n ní. "Ẹ bi ìyàwó mi."

Wọn kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Láti ìgbà náà, báyìí ni gbogbo fèrèsé àárín ilé yìí ṣe rí. Ẹ wo aṣọ bàbá yín nínú àpótí, ẹ wo tiyín. Àwọn ará Àpòmù kan á sọ fún yín pé àṣà àtijọ́ Ìkirè ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi ní Ìkirè, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Ẹnìkan kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Ní ti ìyá ọkọ mi, wọ́n ń gbé nínú ilé yìí títí ojú wọn fi fọ́ pátápátá, ẹnikẹ́ni kò sì gbé wọn lọ sí Gbọ̀ngán. Àwọn náà wà lábẹ́ igi ọsàn báyìí.

Ó tó. Fúnkẹ́, lọ sí yàrá mi. Ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, kó òwú tó wà níbẹ̀ wá. Òwú funfun tí o fi fóònù rà fún mi ni, tó gún gbọọrọ nígbà tí o gbé e fún mi. Wò ó kí o tó sọ̀rọ̀. Wo bí ó ṣe ká. Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀yin àti bàbá yín ń sọ nípa yàrá ìsàlẹ̀ ní Ìbàdàn, pé kí n wá máa gbé níbẹ̀. Mo máa bá yín lọ rí dókítà ojú, mo gbà. Màá sì padà sílé yìí. Ẹ má jẹ́ ká jiyàn sí i lónìí.

Mojí, gbé ọmọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o wá jókòó níbí. Ọkọ rẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan, ọmọ dáadáa ni. Mú ọwọ́ mi, gbé e lé igun ihò náà. Ta ni èyí? Fúnkẹ́ ni, ó gún bí rúlà. Fún mi ní abẹ́rẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè lọ́la pé kí ló dé tí àárín fi rí báyìí, ẹ mọ ìlú tí ẹ ó dárúkọ.